Ẹ má pa iná airbag mọ́: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ n'Ìbàdàn

Alága wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́,

Mo kí yín, ẹ kú ọjà. Ẹ kú wàhálà owó ibodè, ẹ kú ìfaradà dọ́là tí kì í dúró sójú kan. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ mí. Èmi ni ríwáyà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí ọjà Ararọ̀mí ní Gate, tí ẹ máa ń gbé mọ́tò wá bá nígbà tó bá ti Èkó dé tí iná inú rẹ̀ ń ṣe ségesège. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń jẹun lọ́dọ̀ yín. Ẹ má rò pé ọ̀tá ló kọ̀wé yìí. Abọ́ kan náà la jọ ń tọwọ́ bọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà òjò, ìyá ọlọ́mọ kan gbé Camry wá, irú èyí tí a ń pè ní Muscle. Ó ní bátìrì rẹ̀ ń kú mọ́jú. Kò tíì tó oṣù mẹ́ta tó ra ọkọ̀ náà. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kò lè ju oṣù méje lọ wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyá ti ń wakọ̀, nínú àga ọmọ tó kẹ́yìn sí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó ń jẹ ìka ara rẹ̀, ó ń wò mí. Mo bi ìyá rẹ̀ pé kí ló dé tí ọmọ fi wà níwájú. Ó ní, "Bọ̀dá, tó bá wà lẹ́yìn tó ń sunkún tí mi ò rójú ẹ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀, mi ò ní lè wakọ̀." Ẹni tó bá ti tọ́mọ rí mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Mo yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí gbogbo iná ti máa ń tàn, mi ò tíì sítáàtì ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe yẹ kó rí. Iná airbag (àpò tó máa ń tú jáde láti gba ènìyàn sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan), àwòrán ẹni tó jókòó tí nǹkan róbótó wà níwájú rẹ̀, yóò tàn fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, yóò sì kú fúnra rẹ̀, ẹ sítáàtì ọkọ̀ o, ẹ ò sítáàtì rẹ̀ o. Bí airbag bá ní àbùkù, iná náà kì í kú. Ti bátìrì kì í kú àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Nínú Camry yìí, àwọn méjèèjì jọ tàn. Mo ka ogún, mo ka ọgbọ̀n, wọ́n ṣì wà lójú kan náà. Mo sítáàtì rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti mọ ohun tí n ó bá níbẹ̀ kí n tó mú sukurúdíráfà.

Wọ́n ti so iná airbag mọ́ ti bátìrì, kó lè máa kú pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má fura. Nígbà tí mo tú ojú dáṣíbọ́ọ̀dù lápá ọ̀tún, níbi tí airbag èrò iwájú yẹ kó wà, fóòmù àti àkísà ni mo bá. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú rẹ̀ pa, wọ́n fi awọ bò ó, wọ́n kùn ún lọ́dà. Ọkọ̀ náà ti forí sọ nǹkan ní Amẹ́ríkà, airbag rẹ̀ ti bẹ́, wọ́n wá tún un ṣe kó lè dùn ún wò. (Ohun tó ń mu bátìrì rẹ̀, rédíò tí ẹnìkan so lódì ni. Ìyẹn kò gbà mí tó wákàtí kan.)

Mi ò lè na ìka sí ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe èmi ni mo so ti Camry yẹn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe máa ń so ó gan-an ni wọ́n ṣe so ó. Ọdún púpọ̀ ni ẹ fi ń sọ fún mi pé, "Ríwáyà, bá wa pa iná yẹn, kọ́sítọ́mà ń bọ̀ lọ́sàn-án." Mo máa ń pa á. Nígbà mìíràn n ó yọ gílóòbù rẹ̀. Nígbà mìíràn n ó fi resistor kékeré kan tan kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà, kó lè rò pé airbag ṣì wà ní ìdí wáyà. Owó tí mo ń gbà lórí rẹ̀ kò ra àpò sìmẹ́ńtì kan.

Ìyá yẹn wá bi mí pé, "Ṣé ewu wà níbẹ̀ ni?" Ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun. Nínú mọ́tò tirẹ̀, kò sí nǹkankan nínú dáṣíbọ́ọ̀dù tó lè bẹ́ lu ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkankan tó máa gba àgbàlagbà tó bá jókòó síbẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní irú Camry kan náà ni, tí airbag rẹ̀ pé, tí àga ọmọ kan náà wà níwájú bẹ́ẹ̀, ìforígbárí kékeré tí kò ní ju kí a pààrọ̀ bọ́ńpà lọ lè gba ẹ̀mí ọmọ náà. Lójú ẹni tó fẹ́ rà á, mọ́tò méjèèjì jọra. Iná kékeré yẹn ló yẹ kó sọ ìyàtọ̀ wọn, àwa la sì gé e láhọ́n.

Àwọn kan nínú yín máa ń sọ̀rọ̀ airbag bí ẹni pé tìmùtìmù ni. Ẹ̀tù ló wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, iná mànàmáná á dé ìdí rẹ̀, gáàsì á kún un, á sì ti tú jáde tán láàárín nǹkan bí ìdá 30 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Eré tó fi ń jáde lè tó 300 kìlómítà ní wákàtí. Àgbàlagbà tó de bẹ́líìtì, tó fẹ̀yìn ti àga, ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tó bá fi máa dé iwájú rẹ̀, ó ti tú délẹ̀. Àga ọmọ tó kẹ́yìn sí dáṣíbọ́ọ̀dù kò fún un láàyè kankan. Ẹ̀yìn àga yẹn, níbi tí orí ọmọ wà gan-an, ni airbag máa kọ́kọ́ gbá. Ọrùn ọmọ oṣù méje kò sì tíì gbó. Orí rẹ̀ wúwo ju bí ara rẹ̀ ṣe tó lọ. Ohun tó mú kó dára kí ọmọ kọjú sẹ́yìn ọkọ̀, pé kí ẹ̀yìn àga gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ papọ̀, òun náà ló ń di ewu bí a bá gbé e síwájú airbag.

Ní Amẹ́ríkà tí a ti ń ra àwọn ọkọ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ ọmọdé ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Láàárín ọdún 1990 sí 2008, NHTSA, àjọ ìjọba wọn tó ń rí sí ààbò ojú pópó, ka iye ẹni tó lé ní 290 tí airbag iwájú pa nínú ìjàǹbá tí eré rẹ̀ kò pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ èrò iwájú, nínú àwọn èrò wọ̀nyí sì rèé, ó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ ọmọdé àti ọmọ ọwọ́. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ikú wọ̀nyí ló ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1998. Wọ́n bá dín agbára airbag kù. Wọ́n lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ pátákó tí a fi ń bo oòrùn lójú, èyí tó ní àwòrán àga ọmọ tí wọ́n fi ìlà pupa fà kọjá, tí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ fún yín máa ń fi bíléèdì ha kúrò nítorí pé ó "sọ mọ́tò di ògbólógbòó". Láàárín ọdún 2003 sí 2006, wọ́n fi òfin dé e pé kí airbag iwájú mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nǹkan kan wà lábẹ́ àga èrò tó ń wọn ìwúwo. Bí ẹni tó jókòó bá fúyẹ́, iná kékeré kan á tàn láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù pé PASSENGER AIR BAG OFF.

Ìyẹn ni àwọn oníbàárà yín tó ti gbọ́ díẹ̀ fi ń sọ pé, "Tèmi máa ń kú fúnra ẹ̀ tí ọmọ bá jókòó." Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Nígbà tó bá fi máa dé Ìbàdàn, omi ti lè wọlé sí i lábẹ́ àga, àwọn tó ń ran awọ àga ti lè tú ìjókòó yẹn kí wọ́n sì tò ó padà bó ṣe wù wọ́n, wọ́n ti fi kọ́bà tó nípọn bí ẹní bò ó. Mo ti rí ìjókòó tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn wá, tí wáyà tó ń wọn ìwúwo kàn so rọ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ti Yúróòpù wá ní tiwọn sábà máa ń ní ojú kọ́kọ́rọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níhà ilẹ̀kùn èrò, tàbí nínú pigeonhole, tí ènìyàn fi lè pa airbag èrò. Mélòó nínú yín ló ti fi han ẹni tó ra Golf rí? Ní Ìlú Ọba, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé àga ọmọ tó kọjú sẹ́yìn síwájú airbag tó wà láàyè. Lójú tèmi o, ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 13, ẹ jẹ́ kó máa wà lẹ́yìn, ká bọ́ nínú wàhálà iná tó tàn àti èyí tí kò tàn.

Àwọn ìyá kan sì wà tó jẹ́ pé iwájú náà ni wọ́n ń jókòó sí, ọmọ lórí itan, bẹ́líìtì kan fún ẹni méjì. Òmíràn á pọn ọmọ, á wá fẹ̀yìn ti àga. Ọmọ kílò 10, bí ọkọ̀ bá ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí tó sì forí sọ ògiri, agbára tó máa fi já gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lè ju ìwúwo 200 kílò lọ. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin nìyẹn. Ọ̀já tó gbé ọmọ dé ọjà Bódìjà láìséwu kò lè dá ìyẹn dúró.

Ọ̀rọ̀ Takata, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe airbag nígbà kan, náà wà ńlẹ̀, mi ò sì ní fi gùn jù nítorí pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ti gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ airbag tí iléeṣẹ́ yẹn ṣe máa ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá pẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tó bá bẹ́, páànù tó wà nídìí rẹ̀ lè fọ́, kó sì máa ta lu ènìyàn bí ọta ìbọn. Nǹkan bí mílíọ̀nù 67 ni wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ ní Amẹ́ríkà nìkan. Èyí tó burú jù wà nínú Honda ọdún 2001 sí 2003 mélòó kan: Civic, Accord, CR-V, Odyssey, Pilot. Ẹ wò ó, ooru àti ọ̀rinrin! Ilẹ̀ wo ló tún ní i jù tiwa yìí lọ? Nọ́ńbà VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ẹyọ 17, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sí ojúlé NHTSA lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ tó san owó ọkọ̀. Níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ti di tiwa nìyẹn.

Àga ọmọ fúnra rẹ̀ náà ti di ọjà lọ́wọ́ yín. Ẹ máa ń bá a nínú bùùtù láàárín táyà àti fíríìjì kékeré, ẹ á fọ̀ ọ́, ẹ á gbé e sórí òrùlé ọkọ̀, "àga òyìnbó rèé o". Ẹ bá mi dojú rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan. Ní abẹ́ ike náà ni wọ́n tẹ ọdún tí wọ́n ṣe é àti ọdún tí kò yẹ kí a lò ó mọ́. Ó sábà máa ń jẹ́ ọdún 6 sí 10 sí ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ike máa ń gbó, pàápàá èyí tí oòrùn ti pa lẹ́yìn gíláàsì. Àga tó sì bá wà nínú ọkọ̀ tó forí sọ nǹkan ní Amẹ́ríkà ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán, kódà bí ojú kò bá rí ibi tó sán. Ẹ̀yin lẹ mọ èyí tó ti inú ọkọ̀ tó fọ́ jáde. Èyí tí ìwé ara rẹ̀ ti ya dànù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀bẹ gé okùn rẹ̀ kí ẹ tó gbé e sórí ààtàn, kí ẹlòmíràn má baà he é lò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe bá ìyá Camry yẹn de tirẹ̀, torí ìdajì wákàtí gbáko ló gbà wá, ọmọ náà sì fi gbogbo rẹ̀ ké. Ẹ̀yìn la gbé àga náà lọ, sẹ́yìn ìjókòó èrò, kí ìyá lè máa fẹ̀gbẹ́ ojú rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìlà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀. Bí kò bá tẹ́, orí ọmọ á ṣubú síwájú, á sì dí i lọ́nà èémí. A fi bẹ́líìtì ọkọ̀ gba ihò tó wà fún ọmọ tó kọjú sẹ́yìn; nínú àwọn àga tó ti Ìlú Ọba wá, àwọ̀ búlúù ni wọ́n fi sàmì sí ọ̀nà yìí, pupa sì ni ti ọmọ tó ti dàgbà tó kọjú síwájú. Lẹ́yìn náà ni mo fa bẹ́líìtì náà jáde títí tó fi tán pátápátá, mo wá jẹ́ kó máa padà díẹ̀díẹ̀. Kìrì-kìrì-kìrì, ẹ ó gbọ́ ọ. Ìró yẹn ló ń sọ pé bẹ́líìtì ti tì, kò ní tú mọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí a ń lò báyìí ló ń ṣe é, ìyá yẹn kò sì gbọ́ ọ rí láyé ẹ̀. Mo fi orúnkún tẹ àga náà mọ́lẹ̀, mo fa ìyókù bẹ́líìtì. Mo di ibi tí bẹ́líìtì gbà kọjá mú, mo mì ín: ó ń mì bí eyín tó fẹ́ yọ. A tú u, a tún un dè. Lẹ́ẹ̀kejì, kò yẹ̀ ju ìdajì ìbú ìka kan lọ. Ohun tí wọ́n gbà láàyè ni 2.5 sẹ̀ǹtímítà.

Irin méjì tún wà tó fara pamọ́ láàárín ìdí àga ẹ̀yìn àti ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà láti bí ọdún 2003, tí ènìyàn lè fi ìwọ̀ àga kọ́ dípò bẹ́líìtì. Àwọn ará Yúróòpù ń pè é ní ISOFIX. Ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́ wò, ẹ ó kàn án, pẹ̀lú ẹ̀pà àti kọ́bọ̀ àtijọ́. Àwọn ọmọrí kéékèèké mẹ́ta tó wà lórí pátákó ẹ̀yìn Camry, tí ẹ máa ń gbé sípíkà àti páálí tíṣù lé, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìwọ̀ tí a ń fi okùn òkè àga kọ́ nígbà tí ọmọ bá ti dàgbà tó kọjú síwájú ló wà nísàlẹ̀ wọn. Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní kí ọmọ ṣì máa kọjú sẹ́yìn títí ìwọ̀n àga rẹ̀ á fi tán; ó máa ń ju ọdún méjì lọ.

Nígbà tó kan ọmọ fúnra rẹ̀, a kọ́kọ́ bọ́ súwẹ́tà tí ìyá wọ̀ fún un torí òjò. Aṣọ tó nípọn á mú kí okùn ó dà bíi pé ó fún, nígbà tí kò fún. Okùn tó gba èjìká jáde láti ihò tó wà ní ìpele èjìká rẹ̀ tàbí tó rẹlẹ̀ díẹ̀. Mo fà á títí ìka méjì mi ò fi lè ká okùn náà pọ̀ lórí èjìká rẹ̀ mọ́. Kílíìpù àyà dọ́gba pẹ̀lú abíyá. Àwọn àga Ìlú Ọba kì í ní kílíìpù àyà yìí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ ra ti òmíràn lẹ̀ mọ́ ọn pé ó ti sọnù. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni a wá da súwẹ́tà bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dákẹ́, ó sì sùn kí wọ́n tó jáde ní Gate.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè ra àga ọmọ. Ẹni tó ń wọ takisí Micra, tí ẹni méjì ń há mọ́ra wọn níwájú bí a ṣe mọ̀ ọ́n, kò sí àga tí mo lè sọ fún un. Kó gbé ọmọ sẹ́yìn ni, kó má gbé e síwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá bá yín pẹ̀lú mílíọ̀nù lọ́wọ́, tó fẹ́ fi ọkọ̀ gbé ọmọ, ẹ jẹ́ kó mọ ohun tó rà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fa kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ẹ yí i níṣojú rẹ̀, kí ẹ jọ ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Bí airbag kò bá sí, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìtajà, ẹ dín in kúrò nínú owó. Bí ó bá wà, ẹ fi ìwé ìkìlọ̀ orí pátákó oòrùn hàn án, ẹ má ha á. Mo mọ ohun tí ẹ máa wí: "Tí mo bá sọ fún un, ọ̀dọ̀ ẹni tó dákẹ́ ló máa lọ rà á." Òótọ́ ni. Ìdí tí mi ò fi kọ lẹ́tà yìí sí ẹnìkan péré nínú yín nìyẹn. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá fi ẹnu kò, kò sí ẹni tó máa rí ẹni tó dákẹ́ lọ bá.

Ní tèmi, mi ò pa iná kankan mọ́, iye yòówù kí ẹ mú wá. Gbogbo èyí tí mo bá ti pa rí, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé èyíkéyìí, n ó tú wáyà náà, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀. Mo ti tú mẹ́rin. Alága, jíìpù tí ìyàwó yín fi ń gbé àwọn ọmọ-ọmọ yín lọ sílé ìwé, èmi ni mo pa iná rẹ̀ kí ẹ tó fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹ jẹ́ kí dírẹ́bà gbé e wá lọ́la. Tí mi ò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù, kó dúró dè mí.

Èmi ni tiyín,
Ríwáyà yín ní Gate